Ẹfun inú ìwé àti fótò tí kì í ṣá

Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Gbogbo ìwé kọ́ ló rí bákan náà. Òmíràn ní kíkan nínú bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Kíkan yìí ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí á fi pọ́n rúsúrúsú, tí á sì máa rún. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn rí. Òmíràn ní ẹfun nínú. Ẹfun ń pa kíkan, ìwé náà á sì pẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ti ń fi ẹfun sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹfun tó dára bẹ́ẹ̀ lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́.

Ní ọdún 1873, William Willis, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà kan tí a fi ń tẹ fótò. Irin olówó iyebíye tí à ń pè ní platinum ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń lo palladium, ọmọ ìyá rẹ̀. Ayàfótò á po iyọ̀ platinum mọ́ iyọ̀ irin kan tó ní kíkan. Á kùn ún sára ìwé, á jẹ́ kó gbẹ, á sá a sóòrùn lábẹ́ fíìmù. Lẹ́yìn náà, á fi omi oògùn fọ̀ ọ́, àwòrán á jáde. Platinum kì í dógùn-ún, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kì í ṣá.

Ṣùgbọ́n bí ẹfun bá wà nínú ìwé náà, ẹfun á bá kíkan jà. Ibi tó yẹ kó dúdú kò ní dú dáadáa. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú á sì kù tí kò ní fẹ́ lọ.

Kí ni ayàfótò ń ṣe sí i? Á kọ́kọ́ ri ìwé náà sínú omi kíkan fẹ́ẹ́rẹ́. Ìwé á máa hó. Bí kò bá hó mọ́, ẹfun ti tán. Á fi omi ṣàn án, á sá a, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè rí irú rẹ̀ nílé: ẹ gún ìkarahun ìgbín, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Yóò hó.

Ṣùgbọ́n ìwé ìbí ọmọ, ìwé ilẹ̀ àti sẹtifíkà wa kì í ṣe fótò. Ẹfun ló ń dáàbò bò wọ́n. Sẹtifíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní, n kì í sì fi ìwé ìròyìn wé e, torí kíkan rẹ̀ a máa ràn. Ìwé funfun tó dára ni mo fi wé e. Kí ẹ tó ra ìwé, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe.