Olùkọ́ Tí Kì Í Pa Iṣẹ́ Jẹ

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá dé ẹnu iṣẹ́, a sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. A ó sì máa yin ọwọ́ kan ṣoṣo náà pé kì í rẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ kan wà ní ìletò kan létí Odò Ọya. Kíláàsì mẹ́fà ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, olùkọ́ mẹ́ta péré ni ó sì ń kọ́ wọn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fẹ́ kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jókòó níwájú ọkùnrin yìí lé ní 80, nítorí kíláàsì méjì ni a pa pọ̀ fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí láìpa ọjọ́ kan jẹ. Bí ibà bá dá a gúnlẹ̀, a máa wọ ẹ̀wù òtútù, a sì máa jókòó fi ọ̀pá tọ́ka sí pátákó.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó rò pé eruku ṣọ́ọ̀kì ni. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kọjá, ikọ́ kò lọ. Ara rẹ̀ ń joro, òógùn sì ń bò ó lóru. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, “Baálé mi, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ìwòsàn.” Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kò bínú, ó kàn mí kanlẹ̀ ni, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ bí a ti wà. Ẹ bá wa rọ́jú títí ìdánwò yóò fi parí.”

Ó rọ́jú. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde sínú aṣọ ìnujú rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ni a tó gbé e lọ. Ikọ́ ife ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ẹni tí ikọ́ bá ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà ni a sì sábà fi ń lò ó. Afẹ́fẹ́ ni àrùn náà ń bá rìn láti ẹnu ẹni tí ń wúkọ́. Nígbà tí a yẹ àwọn ọmọ wò, a rí i lára méjì nínú wọn. Àwọn tí ó tìtorí wọn dúró gan-an ni ó kó o ràn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò wó nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kọ ìwé mẹ́ta sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, àwọn òbí náà sì tẹ̀ lé e lọ. Kí ìdajì sáà tó pé, olùkọ́ tuntun dé. Àlàfo tí ó ti wà láti ọdún mẹ́sàn-án ni gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, nítorí ẹni tí ó fi ara rẹ̀ dí i ti kúrò níbẹ̀.

Dókítà ti jẹ́ kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nísinsìnyí, ara àwọn ọmọ méjèèjì sì ti dá. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ara yín kò bá yá, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì lọ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó wá olùkọ́ kún olùkọ́ kò ní wá a níwọ̀n ìgbà tí aláìsàn bá ń dáhùn ní orúkọ ẹni méjì.