Ta Ló Ń Wo Ẹnu Ọ̀nà?

Obìnrin kan ní Ìbàdàn dúró de ìwé kan fún ọdún méjì gbáko. Kì í ṣe ìwé ìdánwò, kì í sì í ṣe ìwé àdúrà. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni, irú èyí tí ẹ̀ṣọ́ ti máa ń fẹ́ràn ẹni tí wọ́n gbà á láti máa ṣọ́. Nígbà tí ìwé náà jáde, ó san 8,500 náírà, ó gbé e sórí fóònù rẹ̀, ó sì fi òru méjì kà á tán. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, ó gbé fóònù náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó rí lára rẹ̀ bíi ti ẹni tí ó ń retí àlejò, tí ìlẹ̀kùn ṣí, tí ẹlòmíràn sì wọlé pẹ̀lú aṣọ àlejò náà lọ́rùn.

Àwọn tí kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní nǹkan bí ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ìwé Mills & Boon, ilé iṣẹ́ tí Gerald Mills àti Charles Boon dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé tí tíṣà kò fi dandan lé. Wọn a fi bébà ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a fi í sáàárín ìwé Bàọ́lọ́jì, ẹyọ kan a sì gba ọwọ́ ogún ènìyàn kọjá kí ó tó ya. Obìnrin yìí wà lára wọn. Kò fi àṣà náà sílẹ̀ nígbà tí ó lọ́kọ, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n ó ní ìdí mìíràn tí ó fi ń wá ìwé nípa ẹ̀ṣọ́. Ọlọ́pàá ni ọkọ rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ni ó sì lò lẹ́yìn àwọn ènìyàn ńlá. Ó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún wọn, ó ń gbé báàgì wọn, ó ń dúró sínú oòrùn nígbà tí wọ́n ń jẹun nínú gbọ̀ngàn. Níbi ìnáwó, àwo ìrẹsì tirẹ̀ a máa wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ìdúró ni ó fi ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í sí lára àwo náà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ìwà náà kò bá a fẹ̀yìn tì. Títí di òní, kì í jókòó kí ó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Orúkọ ìwé tí obìnrin náà ń retí kò ṣe pàtàkì, nítorí pé àìsàn tí ó ń ṣe é ń ṣe ọ̀pọ̀ ìwé. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ dá lórí ìdílé olówó kan, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn, ìwé kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn wọn ni ẹ̀ṣọ́ kan máa ń dúró sí. Nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bóyá ni gbólóhùn tí ó tẹnu rẹ̀ jáde pé ogún. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kẹta, níbi tí gbogbo ìdílé náà ti ń ṣe ọjọ́ ìbí, òǹkọ̀wé kọ gbólóhùn méjì péré nípa rẹ̀: ó ń jẹun lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, ó sì dojú kọ fèrèsé. Obìnrin náà dá ìwé kíkà dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ èyí mọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n kéde pé ọ̀wọ́ tuntun yóò yọ láti ara ti àkọ́kọ́, àti pé ẹ̀ṣọ́ náà ni yóò ṣíwájú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí yóò jáde sára kàlẹ́ńdà.

Ọ̀wọ́ ìwé a máa pọmọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òǹkàwé tí ó ti fẹ́ràn ìdílé kan kò nílò ìpolówó púpọ̀ kí ó tó ra ìwé nípa ẹni tí ó wà létí ilé wọn, àwọn òǹtàwé sì mọ èyí dáadáa. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ni, eérú náà ni. Ẹni tí ó bá na owó rẹ̀ sórí ọ̀wọ́ tuntun kò lè mọ èyí tí òun rà àfi ìgbà tí ó bá kà á.

Eérú ni obìnrin yìí bá pàdé. Ẹ̀ṣọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ti di aláròyé. Láti orí kejì ni ó ti ń ro ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọbìnrin olórin tí wọ́n ní kí ó máa ṣọ́. Ní orí kẹrin, wọ́n ti jọ wà lórí ibùsùn kan. Ọ̀tá tí ó ń kọ lẹ́tà ìhalẹ̀ sí olórin náà kò fara hàn títí di ìparí, ojú ìwé mẹ́ta ni wọ́n sì fi mú un. Láàárín gbùngbùn ìwé, bí orí mẹ́fà ni ó lọ sórí àwọn tọkọtaya inú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́: lágbájá ti bímọ, tẹ̀mẹ̀dù ti kọ́lé, oyún ẹlẹ́ẹ̀kejì ti dé. Ó dà bí ìgbà tí a pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó, tí wọ́n wá ń fi fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn hàn án títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú ìwé tí ó kẹ́yìn kò tilẹ̀ parí ìtàn náà. Ìwé tí ń bọ̀ ni ó ń polówó.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, ó ń sọ ìtàn náà fún ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dé ibi kan tí lẹ́tà ìhalẹ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí òtẹ́ẹ̀lì ní òwúrọ̀, tí olórin àti ẹ̀ṣọ́ jọ wà nínú yàrá. Ojú ìwé mẹ́wàá ni wọ́n fi jà, tí wọ́n fi sunkún, tí wọ́n fi parí ìjà. Ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó béèrè:

“Ìyá Ìbejì, ta ló ń wo ẹnu ọ̀nà?”

“Bàbá Ìbejì, ìwé ìfẹ́ ni mò ń sọ fún yín o.”

“Mo mọ̀ pé ìwé ìfẹ́ ni. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, ta ló ń wo ẹnu ọ̀nà?”

Obìnrin náà tan fóònù rẹ̀, ó padà sí ojú ìwé náà, ó wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá orí tí ó ṣáájú, ó wá èyí tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ẹnì kankan.

Ìbéèrè ọlọ́pàá yìí fi ọwọ́ kan gbòǹgbò irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ara ẹni tí ó fẹ́ràn ni ojú olólùfẹ́ máa ń wà. Ojú ẹ̀ṣọ́ kì í sí lára ẹni tí ó ń ṣọ́; ara àwọn èrò ni ó wà, ara fèrèsé, ara ọwọ́ tí ó wọ àpò tí kò tètè jáde. Ojú méjì péré ni Ọlọ́run fún ènìyàn. Ẹ̀ṣọ́ tí ó bá ń wo olólùfẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ láìṣọ́. Ibí yìí ni ìtàn ìfẹ́ ẹ̀ṣọ́ ti ń rí oúnjẹ jẹ. Òǹkọ̀wé tí ó bá fò ó kọjá ti pa ebi fún ìtàn rẹ̀.

Fíìmù The Bodyguard tí ó jáde ní ọdún 1992 mọ èyí dájú. Kevin Costner ṣe Frank Farmer, ẹ̀ṣọ́ tí ó ti bá Secret Service ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ rí. Whitney Houston ṣe Rachel Marron, olórin tí wọ́n ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn méjèèjì sùn pọ̀ ní òru ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Farmer fawọ́ sẹ́yìn, nítorí pé kò lè dáàbò bo obìnrin náà bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀. Inú bí Rachel, ṣùgbọ́n òǹwòran mọ̀ pé ọkùnrin náà kò purọ́. Lẹ́yìn tí ó gba ọta ìbọn tí wọ́n yìn sí Rachel sára, wọ́n pínyà. Lawrence Kasdan tí ó kọ ìtàn náà kò fi ìgbéyàwó parí rẹ̀. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fíìmù náà, tí Dolly Parton ti kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1974, orin ìdágbére ni.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn sinimá ni èyí, kí ó wo Clint Hill. Òun ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yàn fún Jacqueline Kennedy. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963, nígbà tí ìbọn dún ní Dallas, Hill bẹ́ sílẹ̀ láti ara mọ́tò tí ó tẹ̀lé ti Ààrẹ, ó sáré, ó sì fò mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò Ààrẹ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó fi pẹ́. Ó gbé ayé di ọdún 2025, ó lé ní ẹni 90 ọdún, ó sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun dá ara òun lẹ́bi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Yorùbá kò sì yá ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, àwọn akọni tí ó ń dáàbò bo ìjọba. Èèwọ̀ ni kí a bá ọfà lẹ́yìn Ẹ̀ṣọ́. Bí ó bá máa gbọgbẹ́, iwájú ni kí ó ti gbọgbẹ́. Ọkùnrin tí kì í kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lè má ka Johnson rí, ṣùgbọ́n ó mọ òfin náà.

Ẹnì kan lè sọ pé ìtura ni ènìyàn ń wá nínú ìwé ìfẹ́, pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń wá, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Òótọ́ ni. Obìnrin náà kò sì béèrè irú ìbọn tí ẹ̀ṣọ́ gbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn pàtàkì, àwọn tí a ń ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ inú rédíò rẹ̀ dá lé. Kò gbọ́ ohunkóhun nípa ìyàwó ẹni tí ń ṣọ́ni: ẹni tí ó bo oúnjẹ sílẹ̀ títí ó fi tutù, tí ó tẹ fóònù láti sọ pé ibà ń ṣe ọmọ, tí ó gbọ́ “mo wà lẹ́nu iṣẹ́” kí fóònù tó kú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi mọ̀ pé ẹni tí kò wò ọ́ lè fẹ́ràn rẹ. Ó rò pé òun yóò rí ìwé kan tí ó mọ èyí, tí yóò mú ọkùnrin tí ń jẹun lórí ìdúró, tí yóò sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ó ṣe rí. Ìwé náà pa á dà ná kí ó tó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó dùn ún nìyẹn, ó ju 8,500 náírà lọ.

Ó ní òun kò ní ra èyí tí ń bọ̀. Ó padà sí ìwé kẹta ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ó ka gbólóhùn méjì inú ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó kan. Ọkọ rẹ̀ wo gbogbo gbọ̀ngàn yípo kí ó tó yan àga tí ó kẹ́yìn sí ògiri. Obìnrin náà jókòó sí àga tí ó dojú kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ọkùnrin náà ń jẹun, ojú rẹ̀ sì ń gba orí èjìká ìyàwó rẹ̀ kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn.