Ẹ̀ṣẹ̀ Ìpadàbọ̀

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó kan ni ó jẹ́ kí n mọ bí ó ti wúwo tó.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, a ka Great Expectations, ìwé ìtàn àròsọ tí Charles Dickens kọ. Nínú rẹ̀, ọ̀daràn kan tí ń jẹ́ Magwitch, ẹni tí wọ́n ti kó lọ sí Ọsirélíà, di olówó lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, ó yọ́ padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti fi ojú kan ọmọkùnrin tí ó ṣe é lóore nígbà kan rí. Wọ́n mú un, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un nítorí pé ó padà wálé. Inú bí mi sí i. Mo ní òmùgọ̀ ni. Kí ni ó tún ń wá?

Ìgbà tí mo di olùkọ́ ni mo tó wádìí ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà. Òfin ọdún 1718 ni ó fi ẹsẹ̀ àṣà yìí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n lè torí olè jíjà kó ènìyàn lọ sí òkè òkun fún ọdún 7, ọdún 14, tàbí títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn lọ, títí ogun òmìnira ọdún 1775 fi dí ọ̀nà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1787, ọkọ̀ ojú omi 11 gbéra ní Portsmouth. Oṣù kìíní ọdún 1788 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà, lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Kí ètò náà tó dópin ní ọdún 1868, àwọn tí wọ́n kó lọ ti lé ní 160,000.

Ọ̀wọ́ ọkọ̀ kejì, ti ọdún 1790, ni ó dùn mí jù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń kó ẹrú láti Áfíríkà ni ó gba iṣẹ́ náà. Iye ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣírò owó wọn, kì í ṣe iye ẹni tí ó gúnlẹ̀ láàyè. Nínú nǹkan bí 1,000 ọ̀daràn, ó lé ní 250 tí ó kú sójú omi. Ẹrú kò ṣẹ̀, ọ̀daràn ṣẹ̀. Síbẹ̀ irú ṣẹkẹṣẹkẹ kan náà ni wọ́n fi dè wọ́n.

Nígbà tí mo ń sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ọdún 7 bá pé, ta ni yóò gbé wọn padà?”

Mo dákẹ́ díẹ̀. Ìjọba kì í pèsè ọkọ̀ àbọ̀ fún wọn. Ẹni tí kò bá rí owó ọkọ̀, ó di ará ibẹ̀ nìyẹn, ìbáà ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ẹni tí ó bá sì padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, títí di ọdún 1834, ikú ni òfin kọ sílẹ̀ fún un.

“A jẹ́ pé wọ́n tan wọ́n, sà,” ni ọmọ náà wí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fojú òmùgọ̀ wo Magwitch bí èmi ti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi mí.