Ibi Tí Ilé-iṣẹ́ Ń Gbé

Lọ́dún 2018, mo forúkọ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Estonia láìkúrò ní Lọ́ndọ̀nù. Orílẹ̀-èdè náà ti ṣí ilẹ̀kùn yìí fún àjèjì láti ìparí ọdún 2014: wọ́n á fún ọ ní káàdì, wàá kì í bọ kọ̀ǹpútà, wàá sì máa fọwọ́ sí ìwé níbikíbi tí o bá wà. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í gba owó orí lórí èrè títí di ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá pín in. Kọ̀ǹpútà àwọn báńkì ni mò ń bójú tó, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, ejẹ́ńtì ló sì máa ń bá mi wá a.

Ejẹ́ńtì kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Báńkì ti gbà mí, a ti fẹnu kò lórí owó ojúmọ́. Ó ní kí n fi ìwé ilé-iṣẹ́ mi ránṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tó fi tún pè: àwọn kì í bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣe. Ejẹ́ńtì kejì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ọ́fíìsì wo ni mo wọ̀ rí ní ìlú yìí tí orúkọ mi ò fa ìbéèrè? Mo ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣì wọ́n lóye. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni òfin Ìlú Ọba ti sọ pé, bí ejẹ́ńtì bá gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ òkèèrè fi èèyàn síṣẹ́ níbí, tí owó orí tó yẹ kò sì wọlé, ọrùn ejẹ́ńtì ni gbèsè náà lè já lé.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1906, ẹjọ́ De Beers dé iwájú àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ndọ̀nù. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, Kimberley ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì. Ṣùgbọ́n Lọ́ndọ̀nù ni ọ̀pọ̀ àwọn olùdarí ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ohun tó bá ṣe pàtàkì. Àwọn Lọ́ọ̀dù ní ibi tí àkóso ilé-iṣẹ́ bá wà gan-an ló ń gbé, kó wá sanwó orí rẹ̀ ní Lọ́ndọ̀nù. Nígbà tí mo ka ẹjọ́ yìí tán, mo wo tábìlì tí mo ti ń jẹun ní Peckham. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá ejẹ́ńtì lóhùn, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé owó, ibẹ̀ ni mo ti ń pinnu iṣẹ́ tí n ó gbà àtèyí tí n ó kọ̀. Ilé-iṣẹ́ mi ò dé Estonia rí.

Mo tì í pa, mo forúkọ òmíràn sílẹ̀ níbí, pọ́n-ùn 12 péré ni nígbà yẹn.

Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni ìwé tí mo fọwọ́ sí lẹ́yìn náà. Òfin kan wà láti 2003: ejẹ́ńtì ò gbọdọ̀ dá owó òṣìṣẹ́ dúró nítorí pé oníbàárà ò tíì san tirẹ̀, tàbí nítorí pé òṣìṣẹ́ ò rí ìwé wákàtí tí oníbàárà fọwọ́ sí mú wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lè yọwọ́ nínú ààbò yìí, ìwé ìyọwọ́ yẹn sì ni wọ́n fi sáàárín àwọn yòókù. Lóṣù kejì, ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí wákàtí mi lọ ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méje ni n kò rí kọ́bọ̀. N kò ní pe ejẹ́ńtì náà lólè, àmọ́ kò dáa kí wọ́n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ka iwájú ẹni tó ti fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ tuntun lọ́la.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan pè mí láti Manchester. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì." Mo ní kó kà á sí mi létí látòkèdélẹ̀. Nígbà tó dé ojú ewé kẹsàn-án, ohùn rẹ̀ falẹ̀, ó sì padà sí òkè ojú ewé náà, ó tún un kà.