Ìbéèrè Tí Ọmọ Ilé-ìwé Kan Bèèrè Lẹ́yìn Omíyalé

 Àwọn kan nínú yín a máa wí fún mi pé ìpàdé tí àwọn ọmọ ń lọ ṣe nígbà ìsinmi, owó ọkọ̀ lásán ni ó ń gbà. Èmi akọ̀wé mọ́sáláṣí yìí, ilé-kéwú àti ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní 1954 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ l'Ékòó, Lateef Adegbite, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà náà, sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Wọ́n ń kéwú níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ wáàsí, wọ́n sì ń dá owó fún aláìní.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 August 2011, tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ku díẹ̀ kí ó parí, òjò ńlá rọ̀ n'Íbàdàn. Ènìyàn tí ó ju 100 lọ ni ó kú. Omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, ó sì wọ Yunifásítì, ó ba ọ̀pọ̀ ìwé jẹ́. Àwọn àgbà tún rántí omi Ògùnpa ti 31 August 1980. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìrẹsì àti aṣọ kún mọ́sáláṣí wa bí ọjà. Èmi ni mo ń kọ wọ́n sínú ìwé. Aṣọ mìíràn ń bẹ níbẹ̀ tí ẹni tí ó mú un wá kò jẹ́ fi nu ilẹ̀ ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka Súrà Bàkárà mọ ohun tí Ọlọ́run wí nípa irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi di October, ẹsẹ̀ àwọn olóore ti pa rẹ́.

December ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 60 wá ṣe ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dá owó. Ọmọkùnrin kan ní kí wọ́n fi ra ìrẹsì, kí wọ́n pín in, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ni ọmọbìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ, bá kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti bi àwọn ènìyàn náà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Lèmọ́mù ní kí n mú ìwé orúkọ wá.

Méjì-méjì ni wọ́n lọ láti ilé dé ilé, èmi ni mo ń júwe ọ̀nà. Opó kan tí ń lọ ata sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìrẹsì ṣì ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ́ńjìnnì mi ni omi wọ̀." Ọmọ ìyá kan kò lọ sí ilé-ìwé láti ìgbà náà, nítorí ìwé àti yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti bá omi lọ. Bàbá arúgbó kan fẹ́ fóòmù tí yóò máa sùn lé.

Owó kò ká gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí a fi kírun alẹ́, ohùn wọn sì ròkè. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ti iṣẹ́ òòjọ́ ṣáájú, wọ́n tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti ilé-ìwé. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì opó náà ṣe, wọ́n sì ra ìwé àti yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ náà. Kọ́bọ̀ kò ṣẹ́kù fún fóòmù.

Mo rò pé wọn yóò rán mi sí bàbá náà. Wọn kò rán mi. Ọmọbìnrin yẹn àti ọmọkùnrin oní-fọ́tò ni wọ́n lọ sọ fún un fúnra wọn. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun gbọ́, ó sì ní kí wọ́n jókòó mu omi.