Ẹ̀rù Ọkọ̀ Tó Wà Lókè

Ẹ̀rù ọkọ̀ tó bá wà lókè máa ń bà mí. Ó yẹ kí ojú ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Jáàkì àti igi la fi ń gbé ọkọ̀ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí jáàkì yẹ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀sì kan, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ni. Ìró tí irin náà fi balẹ̀ kò tíì kúrò létí mi.

Nígbà tí a ra ilé ní Houston, a bá lífítì olópòó méjì nínú gáréèjì, èyí tó lè gbé 10,000 pọ́n-ùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí ire ló bá wa ra ilé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn kò kíyè sí ni pé ẹni tó tò ó gbé mọ́tò àti pọ́ǹpù rẹ̀ kọ́ sára òpó ọ̀tún, nítòsí ògiri.

Ẹni tí kò lo lífítì rí lè má mọ ìdí tí ìyẹn fi burú. Bọ́tìnnì lẹ ó tẹ̀ láti gbé ọkọ̀ sókè: mọ́tò á yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á fi ipá ti ọ́ìlì gba inú họ́òsì lọ sínú sìlíńdà òpó méjèèjì. Ipá yẹn lè kọjá 2,000 psi, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju nǹkan bíi 35 lọ. Àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀ kò gba iná. Ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti ọ́ìlì padà sí táǹkì. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀ kí ìkọ́ ààbò lè tú, lẹ́yìn náà ẹ ó di irin kékeré kan lára pọ́ǹpù mú. Bẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ á dúró síbi tó dé. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ ẹni tó ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kò lè kúrò nídìí irin yẹn, àárín ọkọ̀ àti ògiri sì ni tèmi wà, ibi tí ìwé ẹ̀rọ náà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí. Ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ ògiri, òógùn á bò mí, kódà nínú oṣù Kìíní.

Mi ò sọ fún ẹnì kan. Ìyàwó mi ló ṣí ọ̀nà fún mi láìmọ̀. Ó ń wá ibi tó máa gbé firísà sí, torí ẹja àti ẹran ti kún fíríìjì. Mo ní, "Má ṣèyọnu, màá bá ẹ ṣí mọ́tò lífítì yẹn kúrò nítòsí ògiri, kí firísà lè gba ibẹ̀." Ó kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó pè mí ní Àkànní, mo sì gba gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó tọ́ sí.

Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n fèsì pé òpó òsì ní ihò tí mọ́tò lè jókòó sí. Láìsí èsì yẹn mi ò ní fọwọ́ kàn án. Òpó tó ń gbé ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń lu ihò sí lára bó ṣe wù wá. Mo sọ apá lífítì kalẹ̀ pátápátá kí ipá má bàa kù nínú họ́òsì, mo pa iná ní brékà, mo fa ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì. Họ́òsì kúkúrú àti gígùn pààrọ̀ àyè. Mi ò we téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà mọ́ ẹnu wọn: irin àti irin ló ń dí ara wọn níbẹ̀, èérún téèpù sì lè lọ há sí fáàfù. Irin tí a fi ń tú ìkọ́ ààbò bá mọ́tò lọ. Iná 220 ni mo fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ.

Mo wá ń gbé e lọ sókè, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ láìsí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n, torí afẹ́fẹ́ tó wọnú ọ́ìlì. Nígbà tó yá, ó ń lọ geere. Páálí ni mo fi yẹ oríkèé họ́òsì wò bóyá ó ń jò. Ẹ má fi ìka dán an wò o! Ọ́ìlì tó bá ń tú jáde lójú ihò abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé, dókítà á sì ní láti la ọwọ́ náà.

Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà gáréèjì wà lẹ́yìn mi gbalasa bí mo bá ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù náà kò tán, ó kàn dín kù dé ibi tí mo lè fara dà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi ní firísà ti kún, òun fẹ́ gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó òsì. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó béèrè ìdí, mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

"Dádì, ta ló tún ń ka Sáàmù 91 sí Camry lórí?"