Bí A Ṣe Ta Pijó Bàbá

Nínú ọyẹ́ ni Bàbá àgbà gbà pé ojú àwọn kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri ilé wa ní Ṣakí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè mú ohun funfun tó bo ẹyinjú wọn kúrò. Kò sí owó nílé. Ọkọ̀ ló wà nílé.

Pijó 504 ni, ọ̀kan nínú àwọn tí iléeṣẹ́ Peugeot tò ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ìgbà tí Bàbá ń ṣe tíṣà ni wọ́n rà á. Gbogbo àgbà Òkè-Ògùn ló mọ irú ọkọ̀ yìí: ó ga nílẹ̀, kòtò kì í tètè dá a dúró, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì lè tú u kó tún un tò. 504 ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari Rally ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 1975. Bàbá a máa sọ èyí bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n wa ọkọ̀ náà. Wọ́n tún máa ń sọ pé 504 kan wà tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn bí agboòrùn. Mo rò pé àlọ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí àwòrán rẹ̀. Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya bátànì rẹ̀, ó sì jáde ní 1969. Àmọ́ ta ni yóò ṣí òrùlé ọkọ̀ nínú eruku Ṣakí?

Ọ̀dà Kàdúná ló ṣì wà lára ti Bàbá. Panẹ́bítà àdúgbò wa ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi fílà dí ibi tó ti dípẹtà, kí n fọ́n ọ̀dà tuntun sí i. Ẹ ó tà á ní ₦700,000." Títí di òní, n kò dá a lẹ́bi pátápátá.

Bàbá kọ̀. "Ẹni tó bá máa ra ọkọ̀ mi gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń rà."

Wọ́n ní kí n mú ìwé àti bírò. Wọ́n ń ka àléébù ọkọ̀, mo ń kọ ọ́. Ọkọ̀ ń rìn. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta la ó ṣí i kó tó jí. Géèjì epo ti kú. Wíńdò ẹ̀yìn lápá òsì kì í wálẹ̀. Sìlẹ́ńsà ti lu. Ihò kan wà níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà, lábẹ́ rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, ó tó ẹnu ife. Nígbà tí a dé orí ihò yìí, mo yí bírò padà, mo ń fi ìdí rẹ̀ ha ìwé kí Bàbá lè gbọ́ ìró rẹ̀. N kò kà á sí irọ́. Ojú Bàbá ni mo ń rò.

Oníṣòwò aṣọ òkè kan wá láti Ìsẹ́yìn. Ó wa ọkọ̀ náà dé Àgọ́-Àmọ́dù, ó wà á padà, èmi àti Bàbá wà lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kò kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun yóò san ₦500,000.

"Ka ìwé yẹn fún un," ni Bàbá wí. Mo kà á.

"Kò tíì tán."

Ẹnu mi wúwo. Bàbá dúró díẹ̀, nígbà tí n kò fọhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tá rọ́bà náà títí wọ́n fi rí etí rẹ̀, wọ́n ká a sókè. Ilẹ̀ pupa ń yọ láti inú ihò. Ọkùnrin náà ti ìka bọ̀ ọ́. Ó ní ₦420,000 ni òun lè san báyìí. Bàbá gbà.

Mo bínú sùn lọ́jọ́ náà. Owó náà kò tó ojú méjèèjì. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, a ń retí iṣu tuntun kí a tó ronú kan ti òsì.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú báńdéèjì, Bàbá béèrè ìwé àléébù ọjọ́sí. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá a padà fún mi.

Mo wá bírò, mo kọ ihò náà sí i. Ọkọ̀ ti wà ní Ìsẹ́yìn nígbà yẹn.